Jonquet Lójúmọmọ, àti Alùpùpù Àgbà Kan

Bí a bá dárúkọ Jonquet láàárín ìjọ, a mọ bí ojú ṣe máa ń rí. Àwọn ìyá á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á máa wolẹ̀, àwọn bàbá á sì máa wú ikọ́ tí kò ṣe wọ́n. Òtítọ́ ni pé àdúgbò náà lórúkọ. Ó pẹ́ tí gbogbo Kútọnu ti mọ Jonquet mọ́ ilé ọtí, orin àti iná aláràbarà tó ń tàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. A kò wá láti gbèjà òru Jonquet. Ọ̀sán rẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹni tó bá ní alùpùpù tó ti dàgbà lọ́wọ́ kò lè ṣe kó má mọ ọ̀nà ibẹ̀ lójúmọmọ.

Àárín ìlú ni Jonquet wà, kò jìnnà sí èbúté, kò sì jìnnà sí ojú irin tí àwọn Faransé là nígbà ìjọba wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Ouidah, Grand-Popo àti Lomé fi ń gbéra níbẹ̀. Bí ìgbín bá sì fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: ibi tí ọkọ̀ bá ti ń gbéra, ibẹ̀ ni mẹkáníìkì ń tẹ̀dó sí, àti fọkanáísà, àti àwọn tó ń jó irin mọ́ irin, àti àwọn tó ń ta síkúrú àlòkù nínú agolo mílíìkì. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago méje àárọ̀, ẹ ó rí i pé òru ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ń gbálẹ̀ iwájú ilé ọtí, òórùn àkàrà gbígbóná ń jà, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ láti to sípánà lé e lórí, látorí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, bí ẹni ń to àwọn ọmọ tó ń lọ gba Ara Olúwa lẹ́ẹ̀kíní.

Àwọn oníbàárà tó kọ́kọ́ ń dé ni àwọn tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, àwọn ni zémidjan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fọ̀n kò ju “gbé mi kíákíá” lọ, ìkánjú náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí owó ìjọba gbẹ tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ láàárín wa. A rí ẹni tó kàwé gboyè tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Láti ìgbà náà ni Kútọnu kò ti lè rìn láìsí wọn. Bí wọ́n bá dúró ní ọjọ́ kan péré, ọjà á dúró, ilé ìwé á ṣófo. Alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò lè ṣàìṣàìsàn, ìdí sì nìyẹn tí ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì Jonquet fi mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì mẹ́ta lójúmọ́ kò sí nínú ẹgbẹ́ ẹni tó ń tú ọ̀kan lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n alùpùpù kékeré ni wọ́n mọ̀ jù. Tiwa yàtọ̀. Yamaha XT 600 Ténéré ni, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1983. Àlejò kan láti ilẹ̀ Faransé ló gùn ún la aṣálẹ̀ já dé Kútọnu, ó sì tà á kó tó wọ bàálù padà lọ. Ọwọ́ mẹ́ta ló ti gbà kọjá kó tó dé ọwọ́ wa. Ó ga débi pé ẹni kúkúrú ní láti fi ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹlẹ̀ nígbà tó bá dúró. Písítìnì kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n písítìnì náà tóbi bí agolo tòmátì ńlá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 595 cc, nígbà tí ọ̀pọ̀ zémidjan ń gun 100 tàbí 125. Kò sì ní ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kó dáhùn. Ẹsẹ̀ la fi ń jí i. Bí ó bá wù ú, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá wù ú, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé tísà fẹ́ jáde.

A bi àwọn ọmọ katikísìmù wa léèrè nígbà kan bóyá wọ́n mọ ohun tí Ténéré jẹ́. Wọ́n ní orúkọ ará Japan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Aládùúgbò wa ni Ténéré: aṣálẹ̀ ńlá tó wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Niger ni, àwọn Tuareg ló sì fún un ní orúkọ náà. Níbẹ̀ ni igi kan dá dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi bọn-ọ̀n-ní kan ṣoṣo láàárín iyanrìn, tí kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1938 sí 1939, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ ju 30 mítà lọ láti wá omi. Ní 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wá kọlù ú tó wó o. Nínú gbogbo aṣálẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ náà ni awakọ̀ rí kọlù! Wọ́n kó ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ sí ilé ìṣúra ohun àtijọ́ ní Niamey, wọ́n sì gbé igi onírin sí ipò rẹ̀.

Báwo ni orúkọ aṣálẹ̀ ṣe dé ara alùpùpù? Eré ìje Paris-Dakar ló fà á. Ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1978, ni èyí àkọ́kọ́ gbéra ní Paris, ó sì dé Dakar ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1979. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Cyril Neveu ló gba ipò kìíní, orí Yamaha XT 500 ló sì wà. Ó tún gbà á ní 1980. Nígbà tó di pé àwọn ènìyàn ń fẹ́ irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè gùn kúrò ní ìlú wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn, ilé iṣẹ́ náà ṣe èyí tó ní táǹkì epo tó gba 30 lítà, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ aṣálẹ̀ tó ń ba àwọn aléré lẹ́rù jù. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá rí alùpùpù yìí níwájú ilé ìsìn, ẹ má rò pé àlejò ni. Japan ló ti gba orúkọ wa lọ, ó sì ti dá a padà.

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Kí ló wá ń ṣe alùpùpù tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ní Kútọnu? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara òkun, nítorí òkun ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ wa ní iyọ̀ nínú. Iyọ̀ náà ń jẹ irin ní òru nígbà tí ẹ bá ń sùn, ó ń wọ ibi tí wáyà ti so pọ̀, títí iná yóò fi máa tàn kó máa kú bí ẹni ń ṣẹ́jú. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: omi tó mọ́ láti fi fọ iyọ̀ kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aṣọ gbígbẹ, àti gíríìsì díẹ̀ ní gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé wáyà. Èyí tó bá ti dípẹtà, kí ẹ tú u, kí ẹ fi yanrìn-pépà họ ọ́, kí ẹ tó dì í padà. Púpọ̀ nínú iná tí wọ́n ń sọ pé ó ti jó, kò jó rárá. Ìpẹtà ló dí i lọ́nà.

Ọ̀tá kejì ni epo. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kpayo ṣòro láti sọ, torí òun ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Láti Nàìjíríà ló ti ń wá, nínú jálá, nínú ìgò, ní ẹ̀bá títì gbogbo. Ní ìparí oṣù Èbìbí 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, owó kpayo fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìyá oníyàá kò sì tíì gbàgbé. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún kan náà, iná jó ibi tí wọ́n kó epo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké nítòsí ẹnubodè, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30. Kí Olúwa tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. A kò tún ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ohun tó kan alùpùpù ni pé epo inú ìgò tó ti gba ọwọ́ mẹ́rin máa ń ní omi àti ìdọ̀tí nínú. Nínú táǹkì tó gba 30 lítà, omi wúwo ju epo, yóò lọ jókòó sí ìsàlẹ̀, yóò sì máa jẹ irin láti inú wá. Ojú táǹkì á máa dán, inú rẹ̀ á ti di pupa.

Bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Mẹkáníìkì wa fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ó mi orí, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọ́n da nọ́ọ̀tì kékeré bí ogójì sí inú rẹ̀ pẹ̀lú ọtí kíkan, wọ́n dì í lẹ́nu, wọ́n sì ń mì í ní ìrọ́lé mẹ́ta, bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wá ń jó sí i. Omi tó jáde dà bí ọbẹ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ ṣàn án, wọ́n gbẹ ẹ, wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí i kó má baà tún pẹtà kó tó rí epo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi asẹ́ kékeré sáàárín táǹkì àti kabúrétọ̀. Asẹ́ yìí kò tó owó ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì ti gba ẹ́ńjìnnì wa là ju ohun olówó ńlá lọ. Bí alùpùpù bá fẹ́ dúró pẹ́ láìrìn, ẹ kún táǹkì rẹ̀ dé ẹnu: ibi tí epo bá wà, afẹ́fẹ́ olómi kò ní ríbi jókòó sí. Inú kabúrétọ̀ ni kí ẹ gbẹ, nítorí epo tó bá sùn síbẹ̀ á di ọ̀dà, á dí àwọn ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ọmọ Ìdáàṣà ni mẹkáníìkì yìí, Yorùbá rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ara wa yé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é ní Pátírọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibi tí Faransé ti jọba. Bàbá àgbà ni, ó ju wa lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá gbé alùpùpù dé, kì í béèrè ohun tó ń ṣe é. Á ní kí ẹ gbé e rìn lọ rìn bọ̀ láìjí i, á sì máa fetí sílẹ̀. Òun ló kọ́ wa pé a kì í wo ọ́ìlì Ténéré nígbà tó bá tutù. Kì í ṣe bíi ti àwọn kékeré tí ọ́ìlì wọn ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Táǹkì ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ ní fún ọ́ìlì. Bí ó bá ti dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ọ́ìlì á rọra ṣàn sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá wá wò ó á rò pé ó ti tán, á sì tún bu sí i, títí yóò fi pọ̀ jù tí yóò máa tú jáde. Ẹ jí i ná, kó gbóná díẹ̀, kí ẹ pa á, lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó.

Ní ti àwọn fáàfù, mẹ́rin ni wọ́n lórí sílíńdà kan. Ẹ́ńjìnnì tó tutù la fi ń wọ̀n wọ́n, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ìwé: láti 0,05 sí 0,10 mílímítà fún àwọn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0,12 sí 0,17 fún àwọn tí èéfín ń gbà jáde. Pátírọ̀n ń fi ìka wọ̀n ọ́n kó tó mú irin náà, kì í sì í ṣìnà. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìró takọtakọ lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó má bẹ̀rù jù. Èyí tí kò dún mọ́ rárá ló yẹ kó bà á lẹ́rù, nítorí fáàfù tí kò bá ráyè padé dáadáa á jóná.

Ṣùgbọ́n bíréèkì ni ìdí tí a fi kọ gbogbo èyí, ibẹ̀ la sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí dúró sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a lọ sí Ìdáàṣà fún ìrìn àjò mímọ́ oṣù Ògún, sí ihò àpáta Ìyá wa ti Arigbo. Ọ̀nà náà tó bí 200 kìlómítà: Àbómè-Kàláfí, Àláàdà, Bohicon, kí a tó máa rí àwọn òkè àpáta Ìdáàṣà níwájú. Ọmọ àbúrò wa kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni yóò jókòó sẹ́yìn. Bíréèkì iwájú ń ṣe ohun àjèjì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń mú dáadáa. Bí a bá tú u sílẹ̀, kò tú. Táyà á ṣì máa wọ́, irin pẹlẹbẹ tí bíréèkì ń dì mú á sì gbóná débi tí omi yóò fi hó lórí rẹ̀. Ẹnì kan ní àdúgbò mìíràn ti bá wa pààrọ̀ ìjẹ bíréèkì, ó gba owó rẹ̀, ó ní ó ti parí. Ní ọjọ́ kẹrin ó tún bẹ̀rẹ̀.

Pátírọ̀n kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó tẹ bíréèkì, táyà di gan-in, kò yí. Ó tú síkúrú tó so rọ́bà mọ́ òkè, lẹ́bàá ọwọ́ tí a fi ń tẹ bíréèkì. Táyà kò tú. Ó dì í padà, ó wá tú ihò kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá táyà. Omi bíréèkì ta jáde fẹ̀ẹ̀, táyà náà sì yí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbójú sókè wò wá, ó ní, “Tísà, ẹ má gùn ún kúrò níbí lónìí. Rọ́bà yìí ti kú láti inú.”

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan fi ọ̀bẹ la rọ́bà náà gbọọrọ. Lójú, rọ́bà náà dára, dúdú ni, kò sán. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti wú, ihò tó yẹ kí omi gbà kọjá ti dín kù débi pé irun orí ni yóò wọ̀ ọ́. Agbára ọwọ́ wa ń ti omi náà kọjá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí agbára tí yóò dá a padà. Rọ́bà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ nígbàkígbà. Ká ní ó bẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn Bohicon, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakou àti Niger ti ń sáré, pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn wa! A kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ àbúrò wa pàápàá tó máa ń ṣàwàdà, ńṣe ló ń wo rọ́bà náà.

Àwọn tó ṣe alùpùpù náà ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni kí a máa pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, ọdún méjì méjì ni omi rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é? Omi bíréèkì, èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára, ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ Kútọnu sì rèé, tí iyọ̀ pàápàá kì í gbẹ nínú àwo! Nígbà tí bíréèkì bá gbóná, omi tó ti wọ inú rẹ̀ á hó, á di èéfín, ọwọ́ yín á sì wọlé ṣọ̀ọ́ láìsí ohun tó dì í. Nítorí náà, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bu omi bíréèkì fún yín láti inú ìgò tó ti ṣí sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ìgò tuntun ni kí ẹ rà, kékeré, kí wọ́n ṣí i lójú yín.

A kò fi rọ́bà rọ́pò rọ́bà. Èyí tí a fi sí i jẹ́ oníke líle nínú, tí wọ́n fi okùn irin tín-ín-rín tí kì í dípẹtà hun lára, bí ẹni hun agbọ̀n. Kì í wú, bíréèkì sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Faransé ló fi ránṣẹ́, ó sì dé nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ bá bi wá léèrè ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ènìyàn sọ di tuntun lára alùpùpù àtijọ́, òun la ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù kan gbé ìyàwó àti ọmọ méjì wá sí Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹrù yín wúwo ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ẹ nílò bíréèkì jù wá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni táyà. Kútọnu kún fún táyà tòkúnbọ̀, ó ń dán, ihò ara rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì tó gùn roboto lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2311, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń darúgbó bí kò tilẹ̀ rìn. Alátà táyà kò ní fẹ́ kí ẹ wo ibẹ̀. Ẹ wò ó.

Àwọn ohun mìíràn tí a sọ di tuntun kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣéènì tí ó ní òrùka rọ́bà kékeré tó dé gíríìsì mọ́ inú, nítorí iyanrìn wa. Bátìrì tí a kì í bu omi sí. Gílóòbù LED fún iná iwájú, tí kì í jẹ iná púpọ̀, torí ohun tó ń pèsè iná lára alùpùpù ìgbà náà kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n tẹ orí iná náà ba, kó má fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá a lámọ̀ràn pé kí a gé ọ̀pá èéfín kúrú kó lè máa ké bíi ti eré ìje. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo tó wà ní Jonquet lóru ti tó.

Ibi ìkẹ́rù sí ni iṣẹ́ tó dùn mọ́ wa jù láti wò. Àwọn ajórin Jonquet kò lo ìwé àpẹẹrẹ. Bàbá kan fi ẹfun yà á sílẹ̀, ó fi ojú wọ̀n ọ́n, nígbà tó di ọ̀sán ó ti tẹ ọ̀pá irin yí ìdí alùpùpù ká bí ìbàdí agbọ̀n. Kí wọ́n tó fi iná kan ohunkóhun, Pátírọ̀n fúnra rẹ̀ wá yọ wáyà bátìrì kúrò, nítorí iná ajórin lè gba inú wáyà lọ pa àpótí kékeré tó ń dá iná fún púlọ́ọ̀gì, tí àwọn ti Kútọnu ń pè ní bùjí. Àpótí yẹn sì ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ fún alùpùpù ọdún 1983. Ó tún ní kí àpò ẹrù wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ iwájú. Ẹrù tó bá wà lókè lẹ́yìn á máa gbé táyà iwájú sókè, alùpùpù á sì máa mi orí lójú títì bí àgùntàn tó ṣàìsàn.

Ọmọ iṣẹ́ tó fi ọ̀bẹ la rọ́bà yẹn, a ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń fẹ́ kó kúrò, kó gba alùpùpù kan kó máa ṣe zémidjan, nítorí owó ilé kò tó, iṣẹ́ kíkọ́ kì í sì í mówó wọlé. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ti dé. Láti 2022 ni ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní M Auto, tó wá di Spiro, ti gbé alùpùpù oníná wọ Kútọnu. Wọn kì í bu epo. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá tán á dé ibi ìpààrọ̀, á gba èyí tó kún, á sì máa lọ. Kò sí èéfín, kò sí ariwo, àwa tí a ti ń gbé èéfín mì láti ìgbà ẹ́ńjìnnì elépo-pọ̀-mọ́-ọ́ìlì kò lè sọ pé kò dára. Bàbá ọmọ náà sì ti rí i. Ó wá bá Pátírọ̀n, ó fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kí ni ọmọ mi ń kọ́ kabúrétọ̀ sí, nígbà tí alùpùpù tó ń bọ̀ kò ní kabúrétọ̀?”

Pátírọ̀n kò dáhùn kíákíá. Ó ń nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Kò ní kabúrétọ̀, òótọ́ ni. Ṣé kò ní táyà? Ṣé kò ní bíréèkì?” Ó nà án ní rọ́bà tí ọmọ rẹ̀ là, ó ní kó wo inú rẹ̀. Bàbá náà wò ó pẹ́. Wọ́n wá jọ jókòó lórí àga onígi, wọ́n sọ̀rọ̀ owó. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé ọmọ náà yóò máa fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ wá owó fún ilé, yóò sì fi ìyókù parí iṣẹ́, títí yóò fi jókòó ìdánwò ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní CQM. Kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn tán nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀.

A lọ sí Ìdáàṣà, a sì bọ̀. Ní Bohicon a dúró láti wo ṣéènì, ó ti dẹ̀ díẹ̀, a fi sípánà méjì fà á. A kò sáré ju 80 lọ. Ọmọ àbúrò wa sùn lẹ́yìn wa láàárín ọ̀nà, ó sì gbé orí lé wa lẹ́yìn bí ọmọ kékeré, ó bú pé kò sùn.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ lọ sí Jonquet nítorí irú iṣẹ́ yìí, kó lọ ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, kí àwọn zémidjan tó pọ̀. Kó gbé omi bíréèkì tirẹ̀ dání nínú ìgò tí kò tíì ṣí. Kó má sọ ohun tó ń ṣe alùpùpù náà fún wọn kí wọ́n tó wò ó. Ní ilé iṣẹ́ Pátírọ̀n, ẹ ó rí rọ́bà kan tí wọ́n là, tó so mọ́ ìṣó lára ògiri, lókè ibi tí sípánà wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á fi hàn yín.